Olóògbé Samuel Ọládipọ̀ Lásúnkànmí, Oníbátìrì Ọkọ̀ Ojú Omi (1930–1995)

Ẹ̀yin èèyàn wa, ẹ kú ìrìn, ẹ kú àfẹ́kù baba. Ìjerò-Èkìtì ni wọ́n bí Olóògbé Samuel Ọládipọ̀ Lásúnkànmí sí. Ọjọ́ ìbí rẹ̀ kò sí lákọsílẹ̀. Ìyá rẹ̀ máa ń sọ pé ọdún tí eéṣú jẹ oko ni, ìjọ Mẹ́tọ́díìsì sì kọ 1930 sínú ìwé ìrìbọmi rẹ̀. Láti Ìkìrun ni bàbá rẹ̀, Lásúnkànmí, ti wá ta aṣọ ní Ìjerò. Ó fẹ́ Ìbíjọkẹ́, ọmọ ìlú, kò sì padà sílé mọ́.

Olóògbé kàwé dé Sítáńdáàdì Kẹrin kí bàbá rẹ̀ tó kú. Ní 1948, wọ́n mú un lọ sí Ìbàdàn kí ó lọ kọ́ iṣẹ́ bátìrì lọ́dọ̀ ọ̀gá kan tó ń jẹ́ Tìjání. Ọdún méje ló lò níbẹ̀. Kó tó ṣe fírídọ́ọ̀mù, ásíìdì ti jẹ gbogbo ṣòkòtò rẹ̀ tán.

Ní 1955, ó padà wálé, ó ṣí ṣọ́ọ̀bù. Gbogbo awakọ̀ lọ́rì kòkó láti Odò-Ọ̀wà títí dé Ẹ̀fọ̀n ló mọ ibẹ̀. Ní 1957, ó gbé Christiana Àtinúkẹ́, ọmọ Odò-Ọ̀wà, níyàwó, Ọlọ́run sì fi ọmọ mẹ́ta ta wọ́n lọ́rẹ.

Bí a bá ní èèyàn jẹ́jẹ́ ni Bàbá, a purọ́. Tó bá ti kan ọ̀rọ̀ bátìrì, kì í wojú ẹnikẹ́ni. Láti 1961 ló ti ń fún bátìrì ẹ̀rọ gbohùngbohùn ìjọ wa níná lọ́fẹ̀ẹ́, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí àlùfáà fi fìtílà wo inú rẹ̀, tí iná ìbá fi mú un kó bú, ìbáwí tí àlùfáà gbà ju ìwàásù lọ.

Ní 1977, ọdún kan lẹ́yìn tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Oǹdó sílẹ̀, iléeṣẹ́ ìlera kan gbà á síṣẹ́ ní Igbókòdá, kí ó máa tọ́jú bátìrì ọkọ̀ ojú omi wọn. Ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n fi ń gbé nọ́ọ̀sì lọ sí àwọn abúlé etí omi. Bátìrì méjì ló wà nínú rẹ̀: ọ̀kan fún ẹ́ńjìnnì, èkejì fún iná àti fíríìjì tí abẹ́rẹ́ àjẹsára wà nínú rẹ̀. Kí wọ́n má baà ṣì wọ́n mú, Bàbá fi ọ̀dà funfun kọ Táyé sára ti ẹ́ńjìnnì, ó kọ Kẹ́hìndé sára èkejì. Ó dùn mọ́ ọn, ó sì ń rẹ́rìn-ín sí i.

Ó kìlọ̀ fún Ezekiel, ọmọ Ìlàjẹ tó ń wa ọkọ̀ náà, pé kò gbọ́dọ̀ jẹ́ kí iná ọkọ̀ fa agbára Táyé láéláé. Bí mọ́tò bá kú lójú títì, èèyàn á tì í. Ta ni yóò ti ọkọ̀ lórí omi? Ó ní kí ó ṣí pákó ilẹ̀ ọkọ̀ kó tó fún bátìrì níná, torí gáàsì ń jáde lára rẹ̀, bí kò bá sì rọ́nà lọ, iná kékeré ló ń wá kó lè bú. Kí ó máa fún wọn níná lọ́kọ̀ọ̀kan: kí ọ̀kan yó kí èkejì tó jẹ. Kí ó pa ṣájà, ẹ̀rọ tó ń fún bátìrì níná, kó tó yọ wáyà.

Ní oṣù kẹwàá 1982, Bàbá wálé wá ṣe ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni Ezekiel so Táyé, tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rà ní tuntun, pọ̀ mọ́ Kẹ́hìndé tó ti gbó, ó sì fún àwọn méjèèjì níná pa pọ̀. Ikùn èyí tó ti gbó kéré. Ó ti yó, ó ń hó, èyí tuntun ṣì ń jẹ lọ́wọ́. Bí Ezekiel ṣe ní kí òun yọ wáyà, iná ta, bátìrì bú. Ojú rẹ̀ ọ̀tún fọ́.

Kò sẹ́ni tó bá Bàbá wí. Òun ló bá ara rẹ̀ wí. Ó ní, “Èmi ni mo fún wọn lórúkọ ìbejì. Yorùbá wo ni yóò bọ́ Táyé, tí yóò fi Kẹ́hìndé sílẹ̀?” Ó fi ọ̀bẹ ha ọ̀dà náà kúrò. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 1983, ó fiṣẹ́ sílẹ̀, ó padà sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Ìjerò.

Láti ọdún náà, bí iṣu tuntun bá ti jáde, Bàbá á di iṣu, á wọ ọkọ̀ mẹ́ta kó tó dé Igbókòdá, á lọ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Ezekiel. Ezekiel á gba iṣu, á ní ó ti tán. Kò tán. Ọdún méjìlá! Ó rẹ Màmá. Ó rẹ àwa ọmọ débi pé a ò fẹ́ gbọ́ orúkọ Igbókòdá mọ́. Nígbà tí àkọ́bí rẹ̀ bí ìbejì ní 1989, Joel àti Janet ni Bàbá ń pè wọ́n. Kò pè wọ́n ní Táyé àti Kẹ́hìndé títí ó fi kú. Ní 1994, orúnkún rẹ̀ ò gbé e mọ́. Ó ṣì lọ.

Ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹta ọdún yìí, ó jókòó síwájú ṣọ́ọ̀bù, kò sì dìde mọ́.

Ọjọ́ karùn-ún lẹ́yìn ikú rẹ̀ ni Ezekiel dé pẹ̀lú ẹja gbígbẹ. Ó dọ̀bálẹ̀ fún Màmá, ó kọ̀, kò dìde. Ó ní, “Màmá, Bàbá kìlọ̀ fún mi. Òjò ń rọ̀ lọ́jọ́ náà, mi ò ṣí pákó. Mi ò pa ṣájà. Mo so wọ́n pọ̀ kí n lè tètè lọ jẹun ni. Orúkọ ìbejì ò wá sí mi lọ́kàn rárá.”

A bi í pé kí ló dé tí kò sọ ọ́ láti ọjọ́ yìí. Ó ní lákọ̀ọ́kọ́, ẹ̀rù ba òun kí wọ́n má baà lé òun níbi iṣẹ́. Lẹ́yìn náà, iṣu tí Bàbá ń gbé wá ni kò jẹ́ kí ẹnu òun ṣí. Inú bí wa, a ò ní parọ́. Káyọ̀dé, àbíkẹ́yìn Bàbá, ti dìde, Màmá ní kó jókòó. Ó ní kí a fún àlejò lóúnjẹ, kí a sì kọ ọ̀rọ̀ náà sínú ìwé yìí, kí a lè kà á sókè létí sàréè.

Olóògbé fi aya rẹ̀, Christiana Àtinúkẹ́, sáyé lọ, pẹ̀lú àwọn ọmọ: Hannah Ayọ̀bọ́lá, Ọlọ́runfẹ́mi àti Káyọ̀dé; àti ọmọ-ọmọ méje. Táyé àti Kẹ́hìndé wà lára wọn. Orúkọ tí wọ́n ń jẹ́ nìyẹn.

Bàbá, ẹ gbọ́ o. Kì í ṣe ẹ̀yin. Ẹrù tí ẹ rù fún ọdún méjìlá, ẹrù ẹlòmíràn ni. Ẹlẹ́rù ti dé, ó ti gbà á. Ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀, kí ẹ sinmi.

Ẹ sùn re o.