Àwòrán Ìyá Fadilah

Ọjọ́ Ajé, 6 Ọkítóbà
Bàbá Fadilah wá sí ṣọ́ọ̀bù. Ìyàwó wọn kú lóṣù tó kọjá; wọ́n fẹ́ kí n tẹ àwòrán ìyá kó tóbi tó fèrèsé, fún àdúrà ogójì ọjọ́, Sátidé yìí. Ẹyọ kan ló wà – èyí tí ìyá fi sójú WhatsApp wọn. Kò ju ìka mi lọ. Bàbá ní, "Ayọ̀mípọ̀sí, ṣáà fà á, á tóbi." Bí ẹni pé rọ́bà ni!

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7
Bí mo ṣe fà á ló fọ́. Ojú ìyá di táìlì ilé ìwẹ̀. Nǹkan dúdú kan wà léjìká wọn – mo pa ìdọ̀tí yẹn rẹ́, ó kéré tán. Orí ń fọ́ mi.

Ọjọ́rú, 8
Mo gbé e fún ẹ̀rọ AI tí mo ń pè ní Aláṣejù. Ìṣẹ́jú kan, ó mọ́ gaara! Inú mi dùn títí Bàbá fi dé. Wọ́n wò ó, wọ́n bọ́ awò ojú wọn. "Ta lèyí? Pélé ìyàwó mi dà?"
Aláṣejù ti nu ilà ojú òkú kúrò. Ọdún mẹ́sàn-án tí mo ti ń ṣiṣẹ́ yìí ní Muṣin, mi ò tiẹ̀ wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ ìyá kí n tó ní mo ti parí. Aláṣejù, pẹ́rẹ́ ní í tẹ́ – èmi ni mo tẹ́. Ojú tì mí.

Ọjọ́bọ̀, 9
Mo bẹ mọ̀lẹ́bí wọn: ojúlówó ni mo fẹ́. Èèyàn mọ́kànlá fi àwòrán ránṣẹ́. Kékeré kan náà ni gbogbo ẹ̀! Sùúrù mi ti tán.

Ọjọ́ Ẹtì, 10
Husnah, ọmọ-ọmọ wọn, ló ya àwòrán yẹn níjọ́sí. Ó gbé fóònù ẹ̀ àtijọ́ wá láti Sábó. Gedegbe! Pélé ìyá hàn kedere.
Àmọ́ ìyá ò dá dúró. Bàbá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ọwọ́ wọn wà léjìká ìyá. Ìka Bàbá ni mo pè ní ìdọ̀tí.
Husnah wolẹ̀. Ó ní ìjà wà láàárín wọn lọ́dún yẹn, ìyá ló ní kóun gé Bàbá dànù. Ìdí tó fi kéré nìyẹn.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 11
Mo tẹ àwòrán àwọn méjèèjì pọ̀. Bàbá fọwọ́ pa pélé ìyàwó wọn, wọ́n sunkún. Lẹ́yìn náà ni wọ́n béèrè ẹni tó gé àwọn kúrò nínú ti àkọ́kọ́.
Mo ní fóònù ni, sà. Ó máa ń gé àwòrán bẹ́ẹ̀.
Wọ́n ní ẹ̀rọ burúkú gbáà. Wọ́n gbé e lọ.
Mo ti pa àwòrán kékeré tí wọ́n gé yẹn rẹ́ lórí kọ̀ǹpútà mi. Ó ṣì wà lórí fóònù èèyàn mọ́kànlá.