Ìdọ̀bálẹ̀ Níwájú Kámẹ́rà

Sátidé, ìrọ̀lẹ́.



Èmi ni Bàbá Ìrètí ní kí n ṣọ́ ẹnu ọ̀nà. Ìdánwò àṣekágbá másítà tó ń ṣe lórí iṣẹ́ láíbìrì ni, orí kọ̀ǹpútà ló ti ń ṣe é. Kámẹ́rà ń wò ó, kò gbọ́dọ̀ dìde. Mo ti pọn Ìrètí, mo ti bẹ aládùúgbò kó pa jẹnẹrétọ̀. Ṣé mo mọ̀ pé ìyá ọkọ mi á ti Ojoku gbé iṣu dé?

Mo kúnlẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́ mà, Bàbá Ìrètí ń ṣe ìdánwò lọ́wọ́."

"Ìdánwò wo lèèyàn ń ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ìyàwó?"

Ni wọ́n bá ń kì í láti ẹnu ọ̀nà. "Àkànní o! Àkànní ọkọ mi!" Kí n tó ṣẹ́jú, ọkọ mi ti dìde, ó ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

Nígbà tó padà jókòó, kọ̀ǹpútà ti ti ìdánwò náà pa. Àwọn tó ń ṣètò ìdánwò kọ ọ́ síbẹ̀ pé àwọn máa wádìí ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Ó ní, "Ìyá mi ló ń kì mí, kí n wá jókòó?" Kò bá mi wí. Ìyẹn gan-an ló ń dẹ́rù bà mí.

Bí wọ́n bá fagi lé e ńkọ́? Ta ló máa gbà pé ó ń kí ìyá rẹ̀ ni, pé kò lọ yọjú wo ìwé nílẹ̀? Gbogbo wàhálà ọdún wọ̀nyí...

Màmá ti jẹun tán. Wọ́n ní bí ọjọ́ ìdánwò náà bá kù díẹ̀, kí n tètè sọ, kí àwọn lè gbààwẹ̀ fún un.

Mo ní, "Ẹ ṣé, mà."