Sálúbàtà Tó Wà Lábẹ́ Ìṣó

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ó ti rẹ̀ mí kí n tó bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà yìí, ẹ má bínú bí ìkọ̀wé mi bá rí jágajàga. Ọ̀rọ̀ òrùlé ilé yín ní Uso ni mo fẹ́ bá yín sọ. Èmi ọmọ yín obìnrin, ní ọjọ́ orí mi yìí, mo gun àkàsọ̀! Nígbà kékeré mi, ẹ máa ń lé mi sọ̀kalẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, kò sí ẹni tó lé mi.

Lọ́dún tó kọjá, ìjì òjò àkọ́rọ̀ ṣí páànù orí yàrá Màmá. Ó ká a bí ẹni tó ń ká ẹní, ó sì gbé e jù sínú oko kòkó ẹ̀yìnkùlé. Màmá wà nínú yàrá náà. Nǹkan kan kò ṣe wọ́n, a dúpẹ́. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, bí ojú ọ̀run bá ti ṣú, wọ́n á di àpò wọn, wọ́n á jókòó sẹ́nu ọ̀nà bí ẹni tó ń dúró de mọ́tò. Wọn kì í lọ síbìkankan. Wọ́n kàn ń jókòó ni.

Àbúrò mi ọkùnrin fẹ́ mú Màmá lọ sí Àkúrẹ́, sọ́dọ̀ rẹ̀. Ẹ mọ dáwódù yín, ó ti máa ń pinnu tán kó tó pe ìpàdé. Kò burú, ó fẹ́ràn wọn, ilé rẹ̀ náà sì dára. Ṣùgbọ́n Màmá kò fẹ́ fi yín sílẹ̀ lẹ́yìn ilé kí igbó wá bo ibojì yín. Ibi tí a wá parí rẹ̀ sí ni pé bí òrùlé náà bá tún ṣí lọ́dún yìí, a ó ti ilẹ̀kùn pa, Màmá á sì máa lọ. Wọ́n gbà. Mo wo ojú wọn nígbà tí wọ́n gbà, Bàbá, ó dùn mí wọ akínyẹmí ara.

Àbúrò mi ti kọ́kọ́ rán káfíńtà kan wá lẹ́yìn ìjì náà. Ká sáà máa pè é ní káfíńtà. Inú kòtò páànù, níbi tí omi ń gbà, ló kan ìṣó sí, dípò orí gegele rẹ̀. Ó wá to àpò iyanrìn sórí gbogbo rẹ̀ kí afẹ́fẹ́ má baà gbé e. Ẹ rántí bí ẹ ṣe máa ń rẹ́rìn-ín bí ẹ bá rí òkúta tàbí táyà lórí ilé àwọn aládùúgbò, pé abẹ́ ni ìjì ń gbà wọlé, òkè ni wọ́n ń ṣọ́. Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Àpò ya, iyanrìn mu omi, páànù bẹ̀rẹ̀ sí í dípẹtà.

Nígbà ọyẹ́, mo gba ìsinmi níbi iṣẹ́, mo wá káfíńtà mìíràn, mo sì bá a gun òkè torí n kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni tún tàn wá. A pààrọ̀ páànù orí yàrá Màmá. A fi wáyà tuntun so igi òrùlé mọ́ ògiri, torí èyí tí ẹ so ti jẹ tán. A wá ń fa àwọn ìṣó àtijọ́ yọ ní apá ibi tí ìjì kò fọwọ́ kàn.

Ibẹ̀ ni mo ti fi òòlù sílẹ̀. Mo ti gbàgbé pé rọ́bà sálúbàtà tó gbó ni ẹ máa ń gé sábẹ́ orí ìṣó kí omi má baà jò. Bí ọyẹ́ bá ti dé, ẹ ó gba sálúbàtà gbogbo wa wò, èyí tó bá ti já, ó di ti òrùlé. Ìṣó tí mo kọ́kọ́ fà, rọ́bà pupa ló wà lábẹ́ rẹ̀. Tèmi ni, èyí tí mo torí rẹ̀ sunkún títí mo fi sùn. Mo tún rí búlúù ti àbúrò mi, mo rí aláwọ̀ ewé ti Màmá. Gbogbo wa la wà lókè níbẹ̀, Bàbá, àwọ̀ wa ti ṣá nínú oòrùn. Mo wá tiyín títí, n kò rí i. Kí ló dé? Ṣé tiyín kì í gbó ni? Àbí ẹ máa ń wọ̀ ọ́ títí kò fi ní ku ohun tí ẹnikẹ́ni lè gé lára rẹ̀?

Mo jókòó sórí igi, mo sunkún. Káfíńtà náà ṣe bí ẹni tí kò rí mi. Ọlọ́run á bù kún un.

Nígbà tí mo sọ̀kalẹ̀, mo sọ fún Màmá pé rọ́bà kò tó, pé mo fẹ́ lọ rà á ní Ọ̀wọ̀. Wọ́n wọ yàrá, wọ́n sì pẹ́ níbẹ̀. Ṣé ẹ rántí sálúbàtà dúdú tí ẹ bọ́ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì ní àárọ̀ tí a gbé yín lọ sí ọsibítù? Kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án láti ọjọ́ náà. Bí Màmá bá ń gbálẹ̀, wọ́n á gbálẹ̀ yí i ká. Òun ni wọ́n gbé jáde. Wọ́n fi etí ìró wọn nù ún, wọ́n kó o lé mi lọ́wọ́, wọ́n sì lọ mú ọ̀bẹ wá fúnra wọn.

Ibi gìgísẹ̀ yín ti tín-ín-rín, ṣùgbọ́n iwájú rẹ̀ ṣì nípọn. Orí yàrá Màmá la kàn án sí.

Òjò àkọ́rọ̀ dé lọ́sàn-án àná. Ìjì náà burú, ó dá ọ̀gẹ̀dẹ̀ sílẹ̀ lọ bẹẹrẹ, ó ṣí ilé kan ní òdìkejì wa. Àbúrò mi ń pè mí lórí fóònù, n kò gbé e. Òrùlé ń ké, mo dì mọ́ férémù ilẹ̀kùn bí ẹni pé èmi ni mo gbé ilé náà ró. Ó dúró, Bàbá. Kò sí ibì kan tó jò. Nígbà tí mo yíjú wo Màmá àti àpò wọn lẹ́nu ọ̀nà, n kò rí wọn. Orí bẹ́ẹ̀dì ni mo bá wọn, lábẹ́ sálúbàtà yín, wọ́n ń sùn, wọ́n ń hanrun.

Èmi kò tíì sùn. Ọyẹ́ mìíràn á tún dé, èmi náà ni n ó sì tún gun òrùlé. Ó rẹ̀ mí, n kò ní purọ́ fún yín. Ṣé bó ṣe máa ń rẹ ẹ̀yin náà nìyẹn, tí ẹ kì í sọ?

Ẹ sinmi dáadáa lẹ́yìn ilé. Màmá ṣì wà nítòsí yín.

Èmi ni ọmọ yín tó fẹ́ràn yín,
ẹni tó ni sálúbàtà pupa.