Ẹ́ńjìnnì tí Kò Jò Mọ́

                                        Ilé ẹ̀gbọ́n wa,
                                        Yàrá ẹ̀yìn,
                                        Ọjọ́rú, oṣù Kẹwàá.

Àbúrò mi ọ̀wọ́n, Ìyá Ìkókó,

Ṣé ara le? Ṣé ọmọ ti ń jẹ́ kó o sùn? Ọkọ rẹ ńkọ́, ṣé ikọ́ yẹn ti fi í sílẹ̀? Mo gbọ́ pé ọmọ ti ń dá jókòó, pé ńṣe ló ń wo èèyàn láti òkè délẹ̀ bí onílé tó ń wo ayálégbé. Inú mi dùn sí i. Ara tiwa náà le, ṣùgbọ́n inú mi bàjẹ́, mi ò sì ní fi bò fún ọ.

Mo mọ̀ pé o retí wa títí ní Sátidé, pé o ti tẹ́ bẹ́ẹ̀dì sílẹ̀ fún Ìyá. Mọ́tò ló kú sójú ọ̀nà. Kò sì kú lásán, ẹ̀gbọ́n wa ló pa á. Má bínú pé “ó” ni mò ń pè é nínú lẹ́tà yìí dípò “wọ́n”. Mo gbìyànjú ẹ̀yẹ, ọwọ́ mi kọ̀ ọ́.

O mọ̀ pé láti ìgbà tí Ìyá ti ṣubú, orúnkún wọn kò ká mọ́. Wọn ò lè wọ ọkọ̀ èrò, àfi mọ́tò tí a bá lè ti àga iwájú rẹ̀ sẹ́yìn kí wọ́n lè na ẹsẹ̀. Mọ́tò tí Bàbá fi sílẹ̀ nìkan ló ṣeé lò bẹ́ẹ̀, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ sì ti ń mu ọ́ìlì bí ẹni ń mu omi. Torí kí Ìyá lè rí ọmọ rẹ ni mo ṣe gbé e fún mẹ́káníìkì tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Jẹ́ẹ́jẹ́. Ó tú ẹ́ńjìnnì náà palẹ̀, ó pààrọ̀ pístìnì àti ríǹgì, ó tún un tò. Ó wá kìlọ̀ fún mi pé kí n má sáré, kí n má kó ẹrù, kí n rọra máa wà á títí àwọn irin tuntun náà á fi mọ ara wọn lára.

Mo gbọ́ràn. Láàárọ̀, mò ń wọ́ lọ sí ilé ìtẹ̀wé. Nírọ̀lẹ́, mò ń wọ́ bọ̀. Àwọn tó gun kẹ̀kẹ́ ń yà mí sílẹ̀. Obìnrin kan tó pọn ọmọ kí mi láti ẹ̀gbẹ́ títì, a jọ sọ̀rọ̀ títí a fi dé ìyànà, kò sì yára rìn rárá. Bí wọ́n ṣe sọ mí ní Ìgbín nìyẹn. Ìyá gbọ́, wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn, wọ́n ní kí Ìgbín ṣáà ti gbé àwọn dé ọ̀dọ̀ ọmọ. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í hun fìlà fún un.

Nǹkan kan ló kù. Ọ́ìlì ń kán díẹ̀díẹ̀ láti igun àwo ìsàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì. Jẹ́ẹ́jẹ́ wò ó, ó ní kí n fọkàn balẹ̀, gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun tó ń dí etí àwo náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jókòó ni. Tí òun bá fẹ́ da ọ́ìlì àkọ́kọ́ nù, òun á tún nọ́ọ̀tì rẹ̀ dè, á sì tán. Mo tẹ́ páálí sábẹ́ mọ́tò.

Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n wa ti fi táìlì funfun sí àgbàlá báyìí. Tó o bá rí i láàárọ̀ Sátidé, lórí ìkúnlẹ̀, tó ń fi búrọ́ọ̀ṣì fọ ibi tí táyà ń tẹ̀, wàá rò pé ibẹ̀ ni wọ́n fẹ́ bu oúnjẹ sí. Ẹ̀kán ọ́ìlì kan ta kọjá páálí, ojú rẹ̀ yí padà. Ó bi mí pé ṣé ilé òun ni mo fẹ́ sọ di ilé mẹ́káníìkì. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó ní sùúrù títí Jẹ́ẹ́jẹ́ á fi dé. Ó yí padà wọlé, mo sì rò pé ó ti gbà.

Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, ìgbà tí nǹkan bàjẹ́ tán ni mo tó gbọ́ ọ. Lọ́jọ́ kan tí mo fi mọ́tò sílé, ẹ̀gbọ́n wa lọ pe ẹnì kan tó ń lẹ táyà ní ìkóríta. Ẹni yẹn tú àwo náà sílẹ̀, ó fi gọ́ọ̀mù kùn ún yípo, nípọn bí bọ́tà orí búrẹ́dì, ó dè é padà, ó sì da ọ́ìlì sí i lójú ẹsẹ̀ láìjẹ́ kí gọ́ọ̀mù gbẹ. Nígbà tí mo dé, páálí gbẹ. Inú mi dùn débi pé mo pe ẹ̀gbọ́n wa wá wò ó, mo ní ṣé ẹ rí i pé sùúrù dára. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

Ní Sátidé, Ìyá jókòó síwájú, ẹsẹ̀ nínà, fìlà ọmọ lórí itan. A ti fẹ́rẹ̀ẹ́ rin ìdajì ọ̀nà nígbà tí iná pupa ti ọ́ìlì tàn. Kí n tó ráyè yà sí ẹ̀gbẹ́, mo gbọ́ tí irin ń lu irin, ẹ́ńjìnnì sì dákẹ́. Ìyá ti ń tòògbé. Wọ́n lajú, wọ́n wo ìta, wọ́n ní, “Ṣé a ti dé ni?”

Ọkọ̀ akẹ́rù kan ló wọ́ wa padà sílé. Jẹ́ẹ́jẹ́ tú ẹ́ńjìnnì náà lójú gbogbo wa. Nínú asẹ́ tí ẹ́ńjìnnì fi ń fa ọ́ìlì, gọ́ọ̀mù ló ń fà yọ ní kélekèle. Ọ́ìlì wà nísàlẹ̀, kò rọ́nà gòkè, gbogbo irin tuntun tí mo fi sùúrù tọ́ sì ti jẹ ara wọn. Ó béèrè pé, “Ta ló tú ibí yìí lẹ́yìn mi?” Ẹ̀gbọ́n wa wúkọ́, ó ní, “Èmi ni mo ní kí wọ́n tú u. Ṣebí kò kúkú jò mọ́.”

Kò purọ́. Kí Jẹ́ẹ́jẹ́ tó fọwọ́ kàn án, mo ti wo abẹ́ mọ́tò náà, ilẹ̀ gbẹ táútáú.

Inú ń bí mi débi pé mi ò lè bá a jẹun pọ̀. Kì í ṣe torí irin. Ojoojúmọ́ ló ń rí Ìyá níbi tí wọ́n ti ń hun fìlà, ó mọ ohun tí mọ́tò náà wà fún, síbẹ̀ ilẹ̀ ilé rẹ̀ ló kà sí jù. Kò tíì tọrọ àforíjì di bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí. Láàárọ̀ òní, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe Sátidé, ó wà lórí ìkúnlẹ̀, ó ń fọ ọ́ìlì tí Jẹ́ẹ́jẹ́ dà sílẹ̀.

Ìyá ní kí n sọ fún ọ pé ẹsẹ̀ ló ń dun àwọn, kó o má baà bá ẹ̀gbọ́n wa jà. Irọ́ ni. Ẹsẹ̀ ò sọ pé òun ò lọ.

Bá mi kí ọkọ rẹ àti ìyá ọkọ rẹ, ẹ kú ìdúró ọjọ́ náà. Fìlà ọmọ wà nínú àpò lẹ́tà yìí. Mo ní kí Ìyá tọ́jú rẹ̀ títí Jẹ́ẹ́jẹ́ á fi tún ẹ́ńjìnnì náà ṣe, tí n ó sì tún rọra wà á títí ara rẹ̀ á fi lélẹ̀. Wọ́n fi ọwọ́ wọn ẹnu fìlà náà, wọ́n ní kí n fi ránṣẹ́ báyìí, pé tó bá fi máa dìgbà yẹn, kò ní gba orí ọmọ mọ́.

                                        Èmi ni tìrẹ, ẹ̀gbọ́n rẹ tí kò gbé Ìyá dé,
                                        Ìgbín.