Ìdérí Tí Ìyá Rẹ Ní Kí N Má Dé Pa

Àkọ́bí mi ọ̀wọ́n,

Ṣé àlàáfíà ni o wà? Ṣé ara ọkọ rẹ le, ṣé àwọn ọmọ ń jẹun dáadáa, ṣé ọ̀gá rẹ níbi iṣẹ́ ti ń rẹ́rìn-ín báyìí? Bí o bá ń béèrè èmi, mo wà, orúnkún mi nìkan ló ń dún bí ilẹ̀kùn tí wọn kò fi òróró sí, ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn tó ń dún ṣì ń ṣí. Ọlọ́run tó ń ṣọ́ mi níbí yóò máa ṣọ́ ẹ̀yin náà lọ́hùn-ún. Àmín.

Lẹ́tà ni mo kọ nítorí pé fóònù tí o rà fún mi ń ṣàìsàn, ara mọ́tò wa ló sì ti kó o. Ìwọ lo ní kí n jẹ́ kí o gbọ́ bí ẹ́ńjìnnì ṣe máa ń dún nígbà tó bá gbóná. Mo gbé fóònù lé e lórí, mo sì sọ fún mọ́tò náà pé kó kí ọ. Kò pẹ́ tí fóònù fi kọ ọ́ sójú pé ara òun ti gbóná jù, kí n jẹ́ kí òun tutù ná. Mo ní háà, ó ti ràn án! Mo sáré fi aṣọ tútù wé e, mo tẹ́ ẹ sí ibòji, mo ń fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ ẹ, títí di òní kò tíì lajú. Bí o bá pè tí n kò gbé e, má rò pé mò ń sá fún ọ̀rọ̀ mọ́tò.

Ọ̀rọ̀ mọ́tò náà gan-an ni mo fẹ́ bá ọ sọ. Mi ò gbàgbé ohun tí o wí, o ní bí ó bá tún hó lójú ọ̀nà lẹ́ẹ̀kan sí i, kí n gbé e fún olùra-irin àlòkù, torí o kò fẹ́ kí wọ́n wá pè ọ́ pé bàbá rẹ wà nínú igbó pẹ̀lú èéfín. Ó sì tún hó. Olùra-irin tí o rán dé lọ́jọ́ Ajé, ó fún mi ní fọ́ọ̀mù, ó ní ọjọ́ Ẹtì ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ lòun máa wá wọ́ ọ lọ. Fọ́ọ̀mù náà béèrè ọdún tí wọ́n ṣe mọ́tò, mo kọ ọjọ́ ìbí rẹ sí i, torí ọ̀sẹ̀ tí a bí ọ ni mo rà á. Ó béèrè ìdí tí mo fi ń tà á, mo kọ ọ́ pé ọmọ mi ló ní kí n tà á. Ó béèrè àbùkù tó wà lára rẹ̀, mo ní kò ní àbùkù, inú ló máa ń bí i. Nígbà tó kan ibi tí ẹni tó ni ín yóò fọwọ́ sí, ọwọ́ mi kọ̀. Èmi àti ìyá rẹ la ni ín, ẹnì kan ló kù.

Láti ìgbà tí o ti gbọ́njú lo ti mọ̀ pé mọ́tò yẹn máa ń hó bí a bá ti ń gun òkè tó wà lójú ọ̀nà ìlú. Ohun tí o kò mọ̀ ni ohun tí ìyá rẹ ṣe sí i. Ọjọ́ tí a ń gbé ọ bọ̀ láti ilé ìwòsàn, ó hó lórí òkè náà, èéfín bo gbogbo wa. Káfíńtà ni mí, kí ni mo mọ̀ nípa irin? Nígbà tó tutù tán, ìyá rẹ gbé ọ lé mi lọ́wọ́, ó yọjú wo iwájú mọ́tò, ó ní ẹ̀yin ọkùnrin, ìkòkò wo la ń dé pa lórí iná tí kì í ru? O rántí pé òun ló ń se oúnjẹ fún odidi ilé ìwé, nínú ìkòkò tó lè gba ìwọ àti ẹnì kejì rẹ, oúnjẹ rẹ̀ kò sì ru dànù rí. Ó ní kí n máa dẹ ìdérí rédíétọ̀ díẹ̀, kí ooru lè rí ibi gbà jáde. Ta ni èmi tí n óò bá ẹni tó ń bọ́ irínwó ọmọ jiyàn lórí ohun tó ń hó? Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń dé e ní ààbọ̀. Ó ṣì ń hó, ṣùgbọ́n ìyá rẹ ní bí kì í bá ṣe ti òun ni, ì bá ti bú gbàmù.

Bí a bá ti dé orí òkè, a ó páàkì sábẹ́ igi, a ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, a ó jókòó sí etí kòtò títí yóò fi tutù. Ní ilé, èmi wà nídìí pákó, òun wà nídìí ìkòkò, ta ló ráyè ọ̀rọ̀? Orí òkè la ti máa ń sọ ọ́. Ibẹ̀ la ti fẹnu kò pé o máa lọ sí ilé ìwé gíga. Ibẹ̀ ló ti sọ fún mi pé òun fẹ́ràn ọkọ rẹ yìí, èmi tí mo ti ń wá ọ̀nà tí mo máa gbà lé e. Ibẹ̀ náà ló ti fọwọ́ kan ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, tó ní nǹkan kan ń dun òun níbẹ̀, kí n má tíì sọ fún ọ. Àárò rẹ̀ ń sọ mí, ọmọ mi, n kò ní parọ́ fún ọ.

Nítorí náà, lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, mo wa mọ́tò náà lọ bẹ mẹkáníìkì tí à ń pè ní Má-fọwọ́-kàn-án, torí ohun tó kọ́kọ́ máa ń sọ fún gbogbo oníbàárà nìyẹn. Mo ní kó gbà mí, wọ́n fẹ́ wọ́ ọ lọ. Ó ní kí n má fọwọ́ kàn án. Ó dúró títí ó fi tutù pátápátá, ó fa irin tí wọ́n fi ń wọn ọ́ìlì yọ, ó ní ọ́ìlì rẹ̀ kò tíì funfun bíi mílíìkì, omi kò tíì dà mọ́ ọn, nítorí náà orí ẹ́ńjìnnì kò tíì bàjẹ́. Mo ní mo mọ̀ pé orí rẹ̀ pé, inú ló ń bí i. Ó tẹ àwọn rọ́bà tí omi ń gbà kọjá wò, kò sí èyí tó ya. Ó wo ilẹ̀, ilẹ̀ gbẹ. Ó wo inú rédíétọ̀, omi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Ó béèrè ìgbà tí mo bu omi sí i kẹ́yìn. Mo ní bó bá hó ni mo máa ń bu sí i, ìyá ọmọ mi ló máa ń rántí omi àràárọ̀. Ó ṣí fìlà orí rẹ̀, torí ó wà níbi ìsìnkú rẹ̀ lọ́dún tó kọjá.

Ó bu omi kún un, ó tan ẹ́ńjìnnì, fáànù ń yí, rọ́bà òkè gbóná, ti ìsàlẹ̀ náà gbóná, ó ní omi ń lọ, ó ń bọ̀, bó ṣe yẹ. Kí ló wá ń gbé omi lọ? Ìgbà náà ló mú ìdérí nílẹ̀. Rọ́bà abẹ́ rẹ̀ ti jẹ, sípíríǹgì rẹ̀ ti kú, ojú ibi tí mo ti ń dé e ní ààbọ̀ sì ti dá ilà. Ó ní mọ́tò kì í ṣe ìkòkò. Ó ní omi tí a dé pinpin ló ń fara da ooru, èyí tí a kò dé dáadáa ló ń tètè hó, tí yóò máa gba ẹ̀gbẹ́ ìdérí jáde títí yóò fi gbẹ. Ó ní ta ló kọ́ mi ní ìdékúdèé yìí? Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n, ọmọ mi! Mo wo ilẹ̀, mo ní èmi ni mo ronú rẹ̀ fúnra mi. N kò lè jẹ́ kó fi ìyá rẹ rẹ́rìn-ín nígbà tí kò sí níbẹ̀ láti dá a lóhùn, o sì mọ̀ pé ì bá dá a lóhùn.

Ó fọ ewé àti ìyẹ́ kòkòrò kúrò lójú rédíétọ̀. Ó po omi aláwọ̀ ewé kan mọ́ omi, mo ní ṣé àgbo ibà nìyẹn, ó ní kúláǹtì ni, tí kì í jẹ́ kí omi tètè hó. Ó gbé ìdérí tuntun fún mi, ó ní kí n fọwọ́ ara mi dé e pa. Ó pẹ́ kí n tó dé e, torí ó ń ṣe mí bíi pé mo fẹ́ pa ìyá rẹ lẹ́nu mọ́.

Lánàá, mo wà á lọ sí ìlú láti dán an wò. Abẹ́rẹ́ tó ń sọ bí ó ṣe gbóná tó ni mò ń wò ju ọ̀nà lọ, má sọ fún ọkọ rẹ. Àárín gbungbun ló dúró sí. Mo gun òkè, kò mira. Mo ti kọjá igi wa kí n tó mọ̀. Mo tètè dé ìlú tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ṣọ́ọ̀bù kò tíì ṣí. Ó yẹ kí n yọ̀, mo sì yọ̀, fún bí ìṣẹ́jú méjì.

Nígbà tí mo ń bọ̀, mo páàkì sábẹ́ igi, mo ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, mo jókòó sí etí kòtò. Ọkùnrin oníkẹ̀kẹ́ kan dúró, ó gbé ike omi rẹ̀ wá, ó ní ẹ pẹ̀lẹ́ bàbá, ṣé ó gbóná ni? Mo ní rárá, ó tutù. Ó ní kí ló wá ṣe é? Mo ní kò ṣe nǹkan kan. Ó ní kí n kúkú mu omi náà, ó sì jókòó tì mí díẹ̀ kó tó máa lọ.

Nítorí náà, bá mi dá olùra-irin dúró. Bí ó bá ṣì wá, n óò fún un ní àga, n kò ní fún un ní kọ́kọ́rọ́. Jọ̀ọ́, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́, ti kúláǹtì, ti dókítà fóònù, àti ti epo. Kí ti epo pọ̀ díẹ̀, torí mò ń bọ̀ lọ́dọ̀ rẹ. Bí mo bá dé, má sọ pé kí n wọlé ná. Ìwọ ni kó o wọ inú mọ́tò, kí a wá ibi kan páàkì sí, kí a ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ọ̀rọ̀ ọdún kan wà lẹ́nu mi nípa ìyá rẹ, n kò sì mọ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ nínú ilé.

Ọ̀nà rẹ yóò tutù. Ẹni tí yóò jókòó tì ọ́ lójú ọ̀nà kò ní wọ́n ọ. Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí o yára dé ibi tí ẹnikẹ́ni kò ti retí rẹ.

Èmi ni bàbá rẹ.