Ẹ̀yìn Ìwé tó Ti Norway Wá

Bàbá mi tí mo fẹ́ràn,

Ẹ lè bínú bí ẹ bá gbọ́ ohun tí mo ṣe, ṣùgbọ́n ó yẹ kí ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu mi. Wọ́n ti gbé òkúta orí ibojì yín kúrò. Èmi ni mo fà á.

Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi pé ìwé tí wọ́n kọ nǹkan sí ní ojú kan ṣì wúlò ní ojú kejì. Nígbà tí ìwé méjì dé láti ìjọba ìbílẹ̀ kékeré tí ẹ gbé ní Norway, n kò gbọ́ èdè tí wọ́n fi kọ ọ́. Ìwé ìpolówó pọ̀ nínú àpótí lẹ́tà wa ní Rexdale, ní Toronto níbí, mo rò pé ọ̀kan nínú wọn ni. Mo gé méjèèjì sí mẹ́rin mẹ́rin, mo sì ń fi ẹ̀yìn wọn kọ ohun tí mo fẹ́ rà. Nínú mẹ́jọ, mo ti lo márùn-ún kí Tèmi, ọmọ mi, tó rí ọ̀kan lára fíríìjì, tó sì gbé fóònù lé e kó túmọ̀ rẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì ló máa ń fi dá mi lóhùn, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà Yorùbá ló jáde lẹ́nu rẹ̀.

“Mọ́mì, ibojì Bàbá àgbà ni wọ́n ń sọ níbí o! Ẹ̀yìn ẹ̀ lẹ wá kọ ọṣẹ àti ẹyin sí?”

Ogún ọdún ni wọ́n máa ń fi ilẹ̀ sílẹ̀ fún òkú níbẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹbí gbọ́dọ̀ kọ̀wé pé àwọn ṣì fẹ́ ẹ. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ilẹ̀ náà á di ti ẹlòmíràn. Ta ni ìbá ro irú rẹ̀? Nílé wa, òkú kì í tọrọ àyè lẹ́ẹ̀mejì. Ọjọ́ tí wọ́n dá sì ti fi ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kọjá.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń tún lẹ́tà yín kà, gbogbo mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Nígbà tí mo wà ní kékeré, mo kórìíra ìlú yẹn nítorí pé ó gbà yín lọ́wọ́ wa, n kò kà wọ́n dáadáa. Ìsinsìnyí ni mo rí i pé wọ́n jó gbogbo ilé ibẹ̀ nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, àwọn èèyàn náà sì padà wá kọ́ ọ láàárín òkè àti òkun. Ìjọba pa wọ́n pọ̀ mọ́ ìlú tó tóbi jù wọ́n lọ, wọ́n jà títí wọ́n fi gba ara wọn padà, bẹ́ẹ̀ wọn ò tó ẹgbẹ̀rún kan. Ẹ kọ nípa ẹja pańla tí ẹ ń so ní ìrù ní méjì méjì, tí ẹ ń fi kọ́ sórí igi bí aṣọ tí a sá, kí atẹ́gùn òtútù mú un gbẹ kó tó dé ìkòkò ọbẹ̀ wa n'Íbàdàn. Ẹ kọ pé wọn kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, kíkí kan tó wọn fún ọjọ́ kan. Ṣùgbọ́n bí yìnyín bá ti yọ́, ilé kọ̀ọ̀kan á yọ ẹnì kan fún ọ̀wẹ̀: wọ́n á gbá itẹ́ òkú, wọ́n á kun ọgbà rẹ̀ ní ọ̀dà. Ẹ kò pa ọ̀kan jẹ rí.

Nígbà tí ẹ kú, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Toronto. Èmi ni mo ṣírò ohun tí gbígbé yín lọ sílé máa gbà, èmi ni mo ní kí wọ́n sin yín síbẹ̀. Ìṣirò náà pé. Ṣé ó tọ́, Bàbá?

Lọ́jọ́ Tuesday, nígbà tí wọ́n fún wa ní ìsinmi níbi tí a ti ń ṣe búrẹ́dì, mo pe ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ náà. Obìnrin tó gbé e gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n kò yára sọ̀rọ̀, bí ẹ ti kọ ọ́ gan-an. Ó ní kò tíì sí ẹni tó gba ilẹ̀ náà. Mo béèrè òkúta. Ó dá mi lóhùn:

“Olav ló gbé e lọ.”

Olav tí ẹ jọ ń so ẹja. Ó ti lé lọ́gọ́rin ọdún báyìí. Wọ́n fẹ́ lọ fọ́ àwọn òkúta tí ẹbí kankan kò béèrè, ló bá fi pákó tí wọ́n ń fà lórí yìnyín wọ́ tiyín lọ sí ahéré tó ń kó ọkọ̀ ojú omi àti àwọ̀n rẹ̀ sí. Obìnrin náà ní láti ọdún tí ẹ ti kú, ìpín méjì ni Olav ń ṣe lọ́jọ́ ọ̀wẹ̀: ti ilé rẹ̀, àti ti ilé yín.

Gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, Bàbá. Níbo ni ìpín tèmi wà? Èmi tí mo ń ka búrẹ́dì lójoojúmọ́ láìṣìṣe, n kò mọ bí wọ́n ṣe ń ka ìyẹn.

Mo lè gba ilẹ̀ náà padà bí mo bá fọwọ́ sí ìwé kí yìnyín tó yọ́. Wọ́n á dá òkúta padà lọ́jọ́ ọ̀wẹ̀. N kò mọ̀ bóyá ibẹ̀ lẹ fẹ́ wà, àbí ilé lẹ ń retí láti ọjọ́ yìí wá. Ẹ kò kọ ìyẹn sínú ìkankan nínú mọ́kànlélọ́gbọ̀n.

Mo fọwọ́ sí i. Mo sì ti gba ìsinmi níbi iṣẹ́ láti lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ ọ̀wẹ̀, kí Olav lè ṣe ìpín kan péré lọ́dún yìí.

Ìwé tuntun ni mo rà láti kọ èyí. Ẹ̀yìn rẹ̀ ṣófo. N kò ní kọ nǹkan kan sí i.

Èmi ọmọ yín tó fẹ́ràn yín, tó pẹ́ kó tó dáhùn.