Ìtàn Àlàbí Tí Fóònù Kọ

Ọjọ́bọ̀, Ìkìrun

Lónìí mo fi ojú AI gbolẹ̀ lójú gbogbo Inísà. Ó dáa, gbogbo Inísà kọ́. Ìyàwó Àlàbí, ọ̀rẹ́ mi tó kú, àti Kúnlé ọmọ wọn ni.

Kúnlé ní kí AI inú fóònù rẹ̀ kọ ìtàn ìgbésí ayé bàbá rẹ̀, tí wọn ó kà níbi ìsìnkú lọ́la. Ó kọ ọ́ pé, "Onísùúrù, ẹni jẹ́jẹ́." Àlàbí tó bá gbogbo àdúgbò jà nítorí ewúrẹ́ kan!

Mo ní, "Kúnlé, òkú ta nìyí? Olè adìyẹ pàápàá lè lò ó."

Ìyá rẹ̀ ní, "Bàbá Akọ̀wé, tiyín ńkọ́? Ọ̀sẹ̀ méjì la fi retí yín."

Èmi tí mò ń kọ ti òkú gbogbo ìlú! Mo rẹ́rìn-ín, mo ní mo gbàgbé rẹ̀ sílé.

N kò gbàgbé nǹkan kan. N kò kọ ọ́ ni. Bí mo bá ti kọ "Olóògbé Àlàbí", ọwọ́ mi á dúró.